Àlàfo Kẹrin

Heledd, gbé bírò yẹn fún mi.
Láti àárọ̀ lo ti dúró sí àlàfo kẹrin,
òjò Bethesda ń lu fèrèsé,
tíì rẹ ti tutù, ó ti ní awọ lórí.
Fọ́ọ̀mù ní: iṣẹ́ wo lo ṣe láti ọdún mẹ́sàn-án?
O kọ ọ́ wínníwínní, bí ẹni tó jẹ gbèsè:
"Kò sí. Ilé ni mo wà."

Ilé wo lo wà?
Èmi tí ògiri kan ṣoṣo là wá láàárín,
tí mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ lórí àtẹ̀gùn
ní aago mẹ́ta òru, àti ní aago márùn-ún,
ṣé èmi náà lo fẹ́ sọ fún pé ilé lo wà?

Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ gbé Emrys ṣánlẹ̀,
bàbá rẹ tó fi ogójì ọdún la òkúta síléètì
ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ bí ojú ìwé,
ọ̀rọ̀ kan péré ló ṣẹ́ kù sí i lẹ́nu:
Pero, orúkọ ajá kan
tó ti kú kí wọ́n tó bí ọ.
Pero tó gòkè, omi ló ń fẹ́.
Pero tó wálẹ̀, ẹ̀yìn ló ń dùn ún.
Pero tó gùn, tó mì díẹ̀ ní ìparí,
ìwọ ló ń pè.
Ìwọ sì mọ̀ ọ́n láti ẹnu ọ̀nà
kí ó tó pe orúkọ náà tán.
Àwọn kan lọ kọ́ èdè ní yunifásítì.
Wọn ò kọ́ èyí.

Dókítà ọ̀dọ́ tó ní bàtà dídán ńkọ́,
tó kọ oògùn tó lè bá ti àárọ̀ jà nínú ẹ̀jẹ̀?
O ò pariwo.
O kàn fi ìka sí ìlà kejì, o dúró.
Ó tún un kà. Etí rẹ̀ pọ́n.
Ó pa á rẹ́.

Bí o bá sì ń wẹ̀ fún un,
iye tí wọ́n ń ta àgùntàn lo máa ń sọ,
àgbò èwo ló gba ẹ̀bùn, ta ló rẹ́ ta ní jẹ,
kí ojú má baà ti ọkùnrin
tí ọmọ rẹ̀ obìnrin ń fọ itan rẹ̀.

Mo tún gbọ́ ọjọ́ tí o bínú.
Má wò mí bẹ́ẹ̀.
O jáde sẹ́yìn ilé, o la àwo búlúù mọ́ òkúta,
o gbá gbogbo àfọ́kù rẹ̀, o wọlé,
o bu ọbẹ̀ fún un, o kọ́kọ́ fi ètè tọ́ ọ wò.
Kọ ìyẹn náà.
Ó dáa, má kọ ti àwo.

Wọ́n ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu.
Kò sẹ́ni tó béèrè lọ́wọ́ ọmọ òkété
ohun tó ti kọ́ kí ọmú tó gbẹ.

O gba bírò padà.
O fa ìlà sórí "Kò sí", ìlà kan, kò tọ́.
O kọ títí dé etí ìwé, o yí i,
o ń kọ lọ lẹ́bàá rẹ̀, ahọ́n rẹ yọ díẹ̀
bí ti ọmọ ilé ẹ̀kọ́.
N kò kà á. O ò ní kí n kà á.
O kàn bi mí bóyá ilé ìfìwéránṣẹ́ ṣì ṣí.

Oṣù mẹ́rin ni Emrys ti lọ.
Lóru ọjọ́ náà, ní aago mẹ́ta,
mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ lórí àtẹ̀gùn.
O sọ̀ kalẹ̀ dé ìdajì.
O dúró.
Lẹ́yìn náà, díẹ̀díẹ̀, o padà sókè.